Bí Ẹ Ṣe Lè Di Nọ́ọ̀sì Nínú Iṣẹ́ Ológun Nàìjíríà

Obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè ọ̀gá (officer) nínú iṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà, Josephine Okwuekeleke Tolefe, nọ́ọ̀sì ni. Ọdún 1961 ni wọ́n fún un ní oyè náà, nígbà tí kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira. Mo fi orúkọ rẹ̀ ṣáájú nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí tí ọmọ wọn bá ní òun fẹ́ wọṣẹ́ ológun ṣì máa ń rò pé ìbọn yíyìn nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tí ìbọn bá ti ń dún gan-an ni a ti ń wá ẹni tó mọ bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ènìyàn.

Iṣẹ́ ológun wa pín sí mẹ́ta, ìyẹn ọmọ ogun orí ilẹ̀, ọmọ ogun orí omi àti ọmọ ogun òfuurufú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ilé ìwòsàn tirẹ̀. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ló ni 68 Nigerian Army Reference Hospital tó wà ní Yaba, àwọn náà ló ni 44 Nigerian Army Reference Hospital tó wà ní Kàdúná, wọ́n sì ní ilé ìwòsàn Division Keje ní Máídúgùrì, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun ìlà-oòrùn àríwá. Àwọn ọmọ ogun orí omi ní tiwọn ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, àwọn ti òfuurufú sì ní tiwọn ní Ìkẹjà. Gbogbo ibi wọ̀nyí ló ń gba nọ́ọ̀sì. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú bí ẹ ti ń ka ìtọ́sọ́nà yìí lọ: ẹ kọ́kọ́ di nọ́ọ̀sì tó ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kí ẹ tó máa lé aṣọ ológun, nítorí pé ìwé ẹ̀rí tí ẹ bá mú dé ẹnu ọ̀nà ni yóò sọ irú ilẹ̀kùn tí wọn yóò ṣí fún yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ wọ̀

Lọ́jọ́ tí ara bá dẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn ológun kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé ìwòsàn ìjọba yòókù. Aboyún ń bímọ, ọmọdé ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì ń wá wo ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Àwọn ìyàwó àti ọmọ ṣọ́jà tó ń gbé inú bárékè wà lára àwọn tí ẹ ó máa tọ́jú, àwọn ará àdúgbò náà sì máa ń wá. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni pé àṣẹ ló ń darí ẹni. Wọ́n lè ní kí ẹ kúrò ní Ìkẹjà lọ sí Máídúgùrì, kí àkókò tí wọ́n fún yín láti múra má sì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ẹ kò sì ní lè kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lónìí kí ẹ má padà wá lọ́la gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn aládàáni. Òfin Armed Forces Act de gbogbo ẹni tó bá wọṣẹ́ náà, kò sì yọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ kékeré tàbí òbí arúgbó tó ń tọ́jú gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ kí ó tó forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n mọ ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ nílé nígbà tí àṣẹ bá dé.

Ohun mìíràn tún wà tí mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ kì í ronú lé lórí. Àdéhùn Geneva ti ọdún 1949, èyí tí Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀, sọ pé ẹni tó bá fara gbọgbẹ́ gbọ́dọ̀ rí ìtọ́jú gbà, yálà ọmọ ogun tiwa ni tàbí ọ̀tá, àti pé bí egbò bá ṣe le sí nìkan ni a fi ń mọ ẹni tí a ó kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹni tó yìnbọn lu àwọn ènìyàn yín láàárọ̀ lè jẹ́ ẹni tí wọn yóò gbé síwájú yín nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá mọ̀ pé ọwọ́ yín kò ní lè wẹ ojú egbò rẹ̀ bí ó ti yẹ, ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n nísinsìnyí. Àdéhùn kan náà ló dáàbò bo nọ́ọ̀sì lójú ogun: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dojú ìjà kọ ọ́, ìbọn kékeré tí a bá sì gbà á láyè láti gbé, fún ìdáàbòbò ara rẹ̀ àti àwọn aláìsàn rẹ̀ nìkan ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ìwé mẹ́wàá àti JAMB

Kírẹ́díìtì márùn-ún ni ẹ nílò nínú WAEC tàbí NECO, ìyẹn nínú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì, ẹ kò sì gbọdọ̀ fi ju ìjókòó méjì lọ kó wọn jọ. Nínú ìdánwò JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni ẹ ó yàn. Físíìsì ló máa ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró, nítorí náà kí ẹni tó bá ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kó fi sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yan ilé ẹ̀kọ́ tí Council fọwọ́ sí

Nursing and Midwifery Council of Nigeria, èyí tí àwa nọ́ọ̀sì máa ń pè ní Council, ni àjọ tó ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́, tó ń ṣe ìdánwò àṣekágbá, tó sì ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́. Bí Council kò bá mọ ilé ẹ̀kọ́ kan, kò sí ohun tí ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ lè ṣe fún yín, ìbáà jẹ́ pé wọ́n wọ aṣọ funfun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, tí wọ́n sì pe ara wọn ní ilé ẹ̀kọ́ ìlera. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wo àkọsílẹ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà lójú òpó Council.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni yunifásítì, níbi tí ẹ ó ti lo ọdún márùn-ún láti gba oyè Bachelor of Nursing Science. Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìlọrin, Èkó àti LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀nà kejì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì, tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn ńlá. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ pàápàá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì tiwọn ní Yaba. Ó dára púpọ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ yìí wo ibẹ̀ dáadáa, nítorí pé ojoojúmọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa rí bí àwọn nọ́ọ̀sì tó wọ aṣọ ológun ṣe ń ṣiṣẹ́, yóò sì ti mọ̀ kí ó tó jáde bóyá iṣẹ́ náà bá òun lára mu. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé kíkẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni di ọmọ ogun. Ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ṣì ní láti forúkọ sílẹ̀ bí ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ìdánwò Council, orúkọ yín yóò wọ ìwé àwọn Registered Nurse. Ẹni tó bá tún gba ti agbẹ̀bí mọ́ ọn ti ní àǹfààní kún àǹfààní, nítorí pé obìnrin ń bímọ nínú bárékè bí wọ́n ti ń bímọ níta. Ẹni tó gboyè ní yunifásítì yóò ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ṣe ọdún kan nílé ìwòsàn, lẹ́yìn náà ni yóò lọ sìn ilẹ̀ baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Bí ẹ bá lè rí ààyè, ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi yín sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì tàbí yàrá iṣẹ́ abẹ fún ìgbà pípẹ́ nínú ọdún náà, nítorí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ ohun tí ẹ ó bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ ológun jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mọ ilẹ̀kùn tí ẹ fẹ́ gbà wọlé

Ibi tí mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀ nìyí, nítorí pé àṣìṣe tí ènìyàn bá ṣe níbẹ̀ lè ba ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́.

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ni ti àwọn ọ̀gá, èyí tí wọ́n ń pè ní Direct Short Service Commission. Àwọn tó ti gboyè jáde ni wọ́n ń fi pè, wọ́n sì sábà máa ń béèrè Second Class Upper lọ́wọ́ ẹni tó lọ sí yunifásítì tàbí Upper Credit lọ́wọ́ ẹni tó ní HND, pẹ̀lú ìwé àṣẹ Council àti ìwé tó fi hàn pé ẹni náà ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tàbí pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Ọ̀gá ni ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé yóò jẹ́ lọ́jọ́ tí ó bá parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, iṣẹ́ oníwọ̀n àkókò ni, àmọ́ ẹni tó bá ṣe dáadáa lè béèrè pé kí wọ́n sọ òun di ọ̀gá títí ayé iṣẹ́. Direct Regular Commission tún wà, tó jẹ́ ti ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà pátápátá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀kùn kejì ni ti àwọn ọmọ ogun tó ní iṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n ń pè ní tradesmen àti tradeswomen. Nọ́ọ̀sì tó ní ìwé Registered Nurse láti kọ́lẹ́ẹ̀jì lè gba ibẹ̀ wọlé. Láti ìsàlẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì tún ní ọ̀nà tí ó lè gbà di ọ̀gá lẹ́yìn ọdún mélòó kan bí ó bá fi ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́.

Ọjọ́ orí ló yẹ kí ẹ fi ṣe ìṣirò. Nínú ọ̀pọ̀ ìkéde àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tó ti jáde, ọdún 18 sí 26 ni wọ́n ń béèrè fún ilẹ̀kùn àwọn tradesmen, wọ́n sì máa ń gba ẹni tó tó ọdún 32 sí ti àwọn ọ̀gá. Ẹ wá wò ó: ọmọ tó wọ yunifásítì lọ́mọ ọdún 19 yóò jáde lọ́mọ ọdún 24 bí ìyanṣẹ́lódì kò bá dá a dúró; iṣẹ́ ìmọ̀ṣe gba ọdún kan, ìsìn ilẹ̀ baba gba ọdún kan, ó ti di ọmọ ọdún 26. Ilẹ̀kùn àwọn tradesmen ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì mọ́ ọn, ti àwọn ọ̀gá ló kù. Ẹni tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó sì jáde lọ́mọ ọdún 22, kò pọn dandan kí ó dúró. Ó lè wọlé, kí ó sì máa ka ìwé oyè lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹni tó bá ní oyè yunifásítì má ṣe jẹ́ kí ìkánjú tì í gba ilẹ̀kùn kejì wọlé nítorí pé ìkéde rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Mo mọ àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì wá ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì kan náà. Ó dùn wọ́n gan-an, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ to ìwé yín kí ìkéde tó jáde

Ìkéde kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ojú òpó máa ń ṣí sílẹ̀ fún. Ẹni tó bá ń dúró di ìgbà náà kí ó tó máa wá ìwé ìbí rẹ̀ kiri ti pẹ́. Ẹ kó àwọn wọ̀nyí sínú àpò kan: ìwé ẹ̀rí WAEC tàbí NECO, ìwé oyè tàbí ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìwé ìforúkọsílẹ̀ Council àti ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, ìwé ìbí, ìwé ìjọba ìbílẹ̀ tó fi hàn pé ọmọ ìpínlẹ̀ náà ni yín, nọ́ńbà NIN àti BVN, ìwé àgùnbánirọ̀, àti fọ́tò pasipọ́ọ̀tù. Wọn yóò tún béèrè onígbọ̀wọ́, àwọn ènìyàn tí ipò wọn fìdí múlẹ̀ láwùjọ, tí wọn yóò bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù fún yín. Ẹ ti bá irú wọn sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ má lọ máa kan ilẹ̀kùn wọn ní ọjọ́ tó kù ọ̀la tí fọ́ọ̀mù yóò parí.

Orúkọ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù láàárín àwa Yorùbá. Oluwaseun lè wà nínú WAEC, Seun nínú BVN, kí ẹni náà sì fi Oluwaṣeun Abọ́sẹ̀dé forúkọ sílẹ̀ fún NIN. Obìnrin tó ti lọ́kọ lè ti fi orúkọ ọkọ rẹ̀ gba ìwé àṣẹ, nígbà tí ìwé oyè rẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ baba rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ orúkọ wò kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé yín sílẹ̀ lórí tábìlì kan, ẹ kà wọ́n lẹ́tà sí lẹ́tà, kí ẹ sì tún ọjọ́ ìbí náà wò. Èyí tó bá yàtọ̀, ẹ lọ tún un ṣe lọ́dọ̀ àjọ tó ni ín. Èyí tí kò bá ṣeé tún ṣe, ẹ lọ búra nílé ẹjọ́, kí ẹ sì gbé ìkéde ìyípadà orúkọ sínú ìwé ìròyìn. Ẹ fi oṣù mẹ́ta ó kéré tán sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ múra ara yín sílẹ̀

Wọn yóò wọn gíga yín. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ sábà máa ń béèrè mítà 1.68 lọ́wọ́ ọkùnrin àti mítà 1.65 lọ́wọ́ obìnrin. Ti àwọn ẹ̀ka yòókù lè yàtọ̀ díẹ̀, nítorí náà ẹ ka ìkéde ẹ̀ka tí ẹ fẹ́. Wọn yóò yẹ ojú, etí, eyín, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò, wọ́n sì máa ń kọ ẹni tó bá ya àwòrán tàbí kọ nǹkan sí ara. Ẹ sáré, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ máa fi apá gbé ara sókè, ẹ máa dìde jókòó láti orí ìdùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru máa ń rò pé ìdúró wákàtí méjìlá ti tó eré ìdárayá. Kò tó o. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kìlómítà kan lójúmọ́, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi lè sá kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin láìdúró, kí ẹ sì fún ara yín ní oṣù mẹ́rin láti dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ní ikọ́ efée tàbí ẹ̀yìn tó ń dùn ún gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Fọ́ọ̀mù, ìdánwò àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù, lójú òpó tí àdírẹ́sì rẹ̀ parí sí mil.ng. Ọ̀fẹ́ ni. Mo tún un sọ, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń fọ́nnu pé àwọn ní ọ̀gágun kan tó fún àwọn ní àyè tí àwọn lè tà, wọ́n á sì gba owó lọ́wọ́ òbí tó ti ta ilẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀. Ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì fi nọ́ńbà BVN yín ránṣẹ́ sí ẹni tó bá pè yín lórí fóònù. Bí ẹ bá ti kọ fọ́ọ̀mù tán, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ẹ̀dà méjì, nítorí pé wọn yóò béèrè rẹ̀ níbi gbogbo tí ẹ bá dé.

Àwọn tí wọ́n bá yàn yóò ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò ìwé, àyẹ̀wò ara àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Níwájú àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀, wọn yóò bi yín ní ohun tó jẹ mọ́ iṣẹ́ yín: kí ni ẹ ó ṣe bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú lára ènìyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ̀yin nìkan sì wà níbẹ̀? Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ gígùn dáhùn. Ẹ sọ ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ tọ́jú, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Àwọn tradesmen ti orí ilẹ̀ máa ń lọ sí Depot tó wà ní Zaria fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Àwọn tó gba ilẹ̀kùn ọ̀gá wọlé máa ń lọ sí Nigerian Defence Academy ní Kàdúná. Àwọn ti orí omi ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Onne, ní Ìpínlẹ̀ Rivers, àwọn ti òfuurufú sì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Kàdúná. Ní gbogbo ibẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pè yín ní nọ́ọ̀sì. Ẹ ó jí lóru, ẹ ó rìn nínú ẹrẹ̀, ẹ ó kọ́ ìbọn yíyìn bí gbogbo ènìyàn, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí tiyín yóò sì máa pàṣẹ fún yín. Ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kọ́ láti máa kí àgbà kí ó gba èyí, àmọ́ oyè ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìbí.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ìtọ́jú ojú ogun. Níta, a ti kọ́ nọ́ọ̀sì pé kí ó kọ́kọ́ wo bóyá aláìsàn ń mí. Lójú ogun, ẹ̀jẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ dá dúró, nítorí pé ẹni tí ìbọn fọ́ itan rẹ̀ lè kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ èémí rẹ̀. Okùn tourniquet ni a ń fi fún apá tàbí ẹsẹ̀ náà pọ̀ lókè egbò, a óò sì kọ àkókò tí a dè é sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a óò wo ọ̀nà ọ̀fun, lẹ́yìn náà àyà àti bí ó ṣe ń mí, lẹ́yìn náà bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ká nínú ara, lẹ́yìn náà a óò bo aláìsàn kí òtútù má baà mú un, nítorí pé ara tó tutù kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kódà ní Máídúgùrì tí oòrùn ti ń jó ni, ẹni tó ti pàdánù ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lè máa gbọ̀n. Ẹ máa fi ìlànà yìí dánra wò léraléra títí ẹ ó fi lè ṣe é nínú òkùnkùn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ọdún àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́

Ẹ má ṣe jẹ́ kí aṣọ ológun mú yín gbàgbé Council. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni ìwé àṣẹ iṣẹ́ máa ń parí, ẹ sì gbọ́dọ̀ lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àfikún tí Council là kalẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ dọ̀tun. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ìgbèríko Borno lè gbàgbé ọjọ́ náà tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ka tí ẹ ó fi mọ ara yín. Ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Igbóbì, l'Ékòó, ń kọ́ nọ́ọ̀sì ní ìtọ́jú eegun, èyí tí ogun ń sọ di dandan. Irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ tó wà ní Enugu wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ ìtọ́jú ẹni tí iná jó. Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti rọ àwọn ọ̀dọ́ sí ni ìtọ́jú ọpọlọ, tí wọ́n ń kọ́ ní Àró, Abẹ́òkúta. Aderonke Kale, obìnrin àkọ́kọ́ tó di Major General nínú iṣẹ́ ọmọ ogun wa, dókítà ọpọlọ ni, òun náà sì ló darí ẹ̀ka ìṣègùn àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀. Ọmọ ogun púpọ̀ ló ń ti ojú ogun dé láìní egbò kankan lára, tí kò sì lè sùn. Ìwé béèrè fún ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ọ̀gá yín kọjá, nítorí náà ẹ tètè kọ ọ́, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́.